Kóńgò Tí Wọ́n Lu Nídìí, àti Ìbéèrè Méjì Mìíràn

Ẹ BI ÌYÁ NỌ́Ọ̀SÌ

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Èyí àkọ́kọ́ gbà mí lóorun, nítorí náà òun ni yóò gba àyè jù. Mo ti gé e kúrú, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èlùbọ́ ni mo ń tà ní Ọjà Ọba níbí, ọmọ ọdún 43 ni mí. Wọ́n ti kéde orúkọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé wọ́n máa fi mí jẹ díákónẹ́ẹ̀sì lóṣù kọkànlá. Inú ọkọ mi dùn, inú èmi náà dùn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Kóńgò tí mo ń lò, bí mo ṣe rà á nìyẹn, wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Gbogbo àwa tá a jókòó nílà yẹn ló ń lo irú rẹ̀. Bí mo bá lo èyí tó pé, owó tèmi á ga ju tàwọn yòókù lọ, oníbàárà á kàn kọjá lọ ni. Ìyá ọkọ mi náà wà lọ́dọ̀ wa, àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn láti ọdún méjì sẹ́yìn. Mùsùlùmí ni wọ́n. Nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáànì tó kọjá, wọ́n ní àwọn á gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n ààfáà wọn ní rárá, kí wọ́n máa bọ́ tálákà kan lójúmọ́ dípò rẹ̀. Èmi ni mo ń wọn èlùbọ́ yẹn lójoojúmọ́ tí mo ń gbé e lọ fún ẹni tí wọ́n bá dárúkọ. Arábìnrin kan gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ẹni tó fẹ́ jẹ díákónẹ́ẹ̀sì kò gbọdọ̀ lọ́wọ́ nínú ẹ̀sìn ẹlòmíràn. Nítorí Màmá yìí kan náà, n kì í lè lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì. Olùṣọ́ àgùntàn wa ní ẹni tó bá fẹ́ sin Ọlọ́run á wá àyè. Aṣọ funfun, gèlè, bàtà àti oúnjẹ ọjọ́ ìfijoyè máa tó 150,000 náírà. Ìyá, ṣé mo yẹ?
Elélùbọ́, Òṣogbo

Ọmọ mi, ẹ kú ìtọ́jú Màmá.

Aláró ni ìyá tó bí mi. Ẹni tó bá mọ oríkì ìlú yìí mọ̀ pé ọmọ aró là ń pe ara wa. Ẹ̀yìnkùlé wa ni àwọn ìkòkò rẹ̀ wà, òórùn èlú àti omi eérú kò sì kúrò lára aṣọ mi títí mo fi lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró, àwọ̀ bí ewé ló máa ń ní. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló ń di aró. Rírẹ ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ìyá mi á rẹ ẹ́, á sá a, á tún rẹ ẹ́, títí aṣọ náà á fi dúdú bí òru. Èmi tí mò ń bá a fún un á máa kùn pé, “Ìyá, ẹ̀ẹ̀mejì ti tó, ó ti dúdú.” Á ní, “Ó dúdú lójú tìrẹ. Ẹni tó máa fọ̀ ọ́ ń bọ̀.” N kò gbọ́ kí ìyá mi wàásù rí. Kò mọ̀wé débi tí yóò dárí ìsìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fọ̀ ọ́ lódò Ọ̀ṣun, mọ irú Ọlọ́run tí obìnrin yẹn ń sìn.

Nítorí náà, kóńgò rẹ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, kì í ṣe oyè.

Ẹsẹ Bíbélì kan wà tí mo gbà pé ẹ̀yin ọlọ́jà lẹ ni ín kí ó tó kan àwa yòókù, Lúùkù 6:38: “òṣùwọ̀n dáradára, àkìmọ́lẹ̀, àti àmìpọ̀, àkúnwọ́sílẹ̀.” Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ọrẹ la máa ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbé e lọ sídìí igbá èlùbọ́ rẹ, kí o tún un gbọ́. Ta ló ń ki nǹkan mọ́lẹ̀ nínú òṣùwọ̀n? Ta ló ń mì í kí ó lè gbà sí i? Ọ̀rọ̀ ọjà ni Jésù ń sọ. Àwọn ará ìgbà náà máa ń ká aṣọ àwọ̀lékè wọn níwájú àyà, wọ́n á so ó ní ìbàdí, wọ́n á sì gba ọkà tí wọ́n bá rà sínú ìṣẹ́po rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Bíbélì fi ní sí àyà ni a ó wọ̀n ọ́n sí. Obìnrin tó ní igbá níwájú, tó mọ bí èlùbọ́ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bí a bá gbá ẹ̀gbẹ́ kóńgò, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ẹsẹ yẹn fún un.

Kóńgò tí wọ́n lu nídìí lè kún wọ́sílẹ̀ lókè, kí oníbàárà máa dúpẹ́, kí ó tún fi àdúrà lé e, nígbà tí wọ́n ti jí tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ nìyẹn. Àdúrà tí wọ́n ń gbà fún ọ ń bọ́ sínú kóńgò yẹn náà.

Pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Má dúró de oṣù kọkànlá. Bí gbódò bá wọ́n láti Ṣakí wá, jẹ́ kí owó lọ sókè, kí kóńgò dúró síbi tó wà. Bí ẹni tó fẹ́ rà bá sọ pé tìrẹ wọ́n, yí kóńgò náà padà, kí o fi ìdí rẹ̀ hàn án, kí o dákẹ́. Má ṣe na ìka sí ti ẹni tó jókòó tì ọ́, nítorí ní àná, tìrẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Tọ́jú agolo mílíìkì kan tó pé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó kóńgò, ó pọ̀ nínú wọn ní àsìkò yìí. Má sì fi ẹ̀yìn gba ohun tí o fi iwájú sílẹ̀: mo mọ̀ pé àwọn kan ń po láfún mọ́ èlùbọ́ iṣu kí ó lè pọ̀. N kò ní purọ́ fún ọ pé oníbàárà kankan kò ní lọ. Àwọn kan á lọ. Nínú wọn, àwọn kan á padà wá nígbà tí wọ́n bá ro àmàlà nílé tí wọ́n rí iye orí tó bọ́. Àwọn kan kò ní padà mọ́.

Àwọn tí o ti tà fún ńkọ́? O kò bi mí ní ìyẹn, ṣùgbọ́n ó wà lẹ́yìn ìbéèrè rẹ. Sákéù agbowó-òde sọ fún Jésù pé òun yóò san ìlọ́po mẹ́rin padà fún ẹnikẹ́ni tí òun bá rẹ́ jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ra èlùbọ́ rẹ, o kò mọ orúkọ wọn. Àwọn yẹn, fi èènì wá wọn. Nígbà tí Rúùtù ń pèéṣẹ́ lóko Bóásì, Bóásì sọ fún àwọn olùkórè pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ já díẹ̀ sílẹ̀ fún un nínú ìtí ọkà, kí wọ́n má sì bá a wí. Máa já a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé o ní ìyá olóúnjẹ kan, bóyá méjì, tó ń ra kóńgò púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn yẹn ni o mọ̀. Lọ bá wọn, kí o gbé àpò èlùbọ́ lọ, kí o sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ pé ó le. Ojú á tì ọ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á bínú, ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ yín máa ti bẹ̀rẹ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, oorun á padà sójú rẹ.

Ó wá ku ti Màmá.

Mùsùlùmí ni bàbá mi títí ó fi kú, ìyá mi sì ni ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí kì í ṣe ará Òṣogbo lè rò pé ó ṣòro. Lọ́dọ̀ wa, bí ilé ṣe rí nìyẹn. Nígbà ààwẹ̀, ìyá mi ni ó ń jí dáná sààrì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí òjò bá ń rọ̀, bàbá mi á mú agbòjò, á sìn wá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, á sì yí padà. Kò sí ẹni tó yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà nínú àwọn méjèèjì. Ìgbàgbọ́ ìyá mi kò rọ̀. Nínú ìgbàgbọ́ náà ni ó ti ń jí dáná.

Òdodo ẹ̀sìn tiwọn ni ààfáà yẹn sọ fún Màmá. Ó wà nínú Àlùkùránì, sura kejì, ẹsẹ 184: aláìsàn lè dá ààwẹ̀ sí títí ara rẹ̀ á fi yá, ẹni tí kò sì lè gbà á mọ́ á máa bọ́ tálákà. Ìwọ kò gbààwẹ̀, o kò kírun. Ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ fẹ́ fún tálákà lóúnjẹ, o sì di ọwọ́ fún un. Ta ló jẹ èlùbọ́ náà? Ẹni tí ebi ń pa ni. Arábìnrin tó bá ọ wí yẹn, mo gbà pé ìfẹ́ Ọlọ́run ló mú un sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ó ka ìtàn ará Samáríà nì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó wo ẹ̀sìn ẹni tí ó di ọgbẹ́ ọkùnrin yẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún ọ níbi ọ̀rọ̀ yìí, má dá mi lóhùn, dá ara rẹ lóhùn: kóńgò wo ni o fi ń wọn ti tálákà yẹn?

Nípa ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ka Máàkù orí 7. Àwọn kan wà nígbà Jésù tí wọ́n ń sọ fún òbí wọn pé, “Ohun tí ǹ bá fi tọ́jú yín ti di Kọ́bánì,” ìyẹn ni pé wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Jésù kò yìn wọ́n. Ó ní wọ́n ń fi àṣà wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Àkókò náà lè di Kọ́bánì, ọmọ mi, kì í ṣe owó nìkan.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń bí mi nínú nínú lẹ́tà rẹ. Ọkọ rẹ tí inú rẹ̀ dùn sí oyè yìí, ta ló bí i? Kí ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ìwọ lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì. Fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án. Kí ẹ máa yí Màmá padà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ní wákàtí méjì-méjì, kí ẹ máa wo ìdí, ìgbáròkó àti gìgísẹ̀ wọn bóyá ó ń pọ́n tàbí ó ń yí àwọ̀ padà, nítorí ibẹ̀ ni egbò ìdùbúlẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ara wọn má tutù mọ́ aṣọ. Bí wọ́n bá ń jẹun, kí wọ́n jókòó tààrà, òkèlè kékeré ni kí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó lágbára, kí wọ́n má sì dùbúlẹ̀ títí bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò gbọdọ̀ já lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin lè ṣe gbogbo èyí. Ọdún 34 ni mo lò lẹ́nu iṣẹ́, mo ti kọ́ àwọn ọkùnrin púpọ̀, ọwọ́ wọn a máa rọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Wàyí o, oyè. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6 sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní Jerúsálẹ́mù, àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ráhùn pé wọ́n ń fo àwọn opó tiwọn nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ òòjọ́. Ìjà tó wọ inú ìjọ, ìjà oúnjẹ ni. Wọ́n yan ọkùnrin méje, Sítéfánù àti Fílípì wà lára wọn, kí wọ́n máa bójú tó o. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a ti rí díákónì, ẹni tó ń ṣe ìránṣẹ́ ló túmọ̀ sí, irú ẹni tó ń gbé oúnjẹ ka iwájú àwọn tó ń jẹun. Ọ̀rọ̀ náà ni Pọ́ọ̀lù lò fún Fébè nínú Róòmù 16, Bíbélì Yorùbá sì túmọ̀ rẹ̀ sí ìránṣẹ́ ìjọ. Mo fẹ́ràn ìtumọ̀ yẹn gidigidi. Ìránṣẹ́ ni ẹni tí a rán níṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ lọ síbi kan.

Ìwọ tí ò ń wọn èlùbọ́, tí ò ń gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà tálákà ní àárọ̀, o ti ń ṣe é kí wọ́n tó kéde orúkọ rẹ.

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Ní 1986, èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́jọ́ kan tó yẹ kí n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì mi ní aago méjì ọ̀sán ní yàrá ìgbẹ̀bí, ibi ìpàdé ìkórè ni mo jókòó sí. Iye àga tí a máa yá ni a ń jiyàn lé lórí. Aago mẹ́ta ti kọjá kí n tó dé ọsibítù. Ẹnìkejì mi nìkan ló wà pẹ̀lú aboyún méjì tí wọ́n ń rọbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ti bímọ, ibi ọmọ kò jáde, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. A du ẹ̀mí rẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó yè. Lálẹ́, bí mo ṣe ń nu ara rẹ̀, ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ wà níbí lọ́sàn-án. Níbo lẹ wà?” Mo la ẹnu kí n sọ pé ibi iṣẹ́ Olúwa ni mo wà. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde, nítorí òun gan-an ni iṣẹ́ Olúwa tí mo fi sílẹ̀. Ọmọ tó bí lọ́jọ́ náà á ti di àgbàlagbà báyìí. N kò tíì lọ sí ìkórè kan láti ìgbà náà tí n kò rántí ìyá rẹ̀.

Èrò mi rèé. Lọ bá olùṣọ́ àgùntàn yín ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o bi í pé, “Bàbá, kí ni díákónẹ́ẹ̀sì máa ń ṣe ní ìjọ wa?” Bí ó bá dárúkọ opó àti aláìsàn tí wọ́n ń bẹ̀ wò, gbà á, kí o sì sọ fún un pé aṣọ tí o ní ni o máa wọ̀. Bí ó bá jẹ́ aṣọ funfun àti àga iwájú ni, bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ó di ọdún mìíràn, kí o fi 150,000 yẹn ra fóòmù tó dára fún Màmá àti gbódò sí ìsọ̀ rẹ. Bí o bá bi mí, màá sún un sí ọdún tó ń bọ̀ bó ti wù kí ìdáhùn rẹ̀ rí, torí kóńgò tuntun yẹn nílò ọdún kan ní ọwọ́ rẹ. Ṣé o yẹ? Ẹni tí kóńgò kò jẹ́ kó sùn, mo gbà pé Ọlọ́run ti ń bá a sọ̀rọ̀.

Ìyá wa, télọ̀ ni mí ní Alẹ́kúwodò. Ẹgbẹ́ akọrin wa kó aṣọ 22 wá fún mi láti rán fún ọdún ìjọ, wọ́n ní kí n ṣe é fún Olúwa. Mo ní ọmọ-iṣẹ́ méjì, mo sì ń sanwó jẹnẹrétọ̀. Ṣé mo lè gbowó?
Télọ̀

Gbowó, ọmọ mi. Dọ́káàsì ní Jópà ránṣọ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn opó ni ó sì rán an fún. Àwọn ló dúró yí òkú rẹ̀ ká tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n ń fi aṣọ hàn Pétérù. Akọrin tó ń gba owó oṣù kì í ṣe opó. Jésù fúnra rẹ̀ sọ pé owó ọ̀yà tọ́ sí alágbàṣe. Bí ẹnì kan bá wà nínú àwọn 22 náà tí o mọ̀ pé kò ní, rán tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan òun fúnra rẹ̀ bí o bá lè ṣe é. Sọ fún un pé àṣẹ́kù aṣọ àwọn yòókù ti sanwó rẹ̀ tán. Rárá o, má sọ ìyẹn, irọ́ ni. Sọ fún un pé ó ti parí, kí o gbé e lé e lọ́wọ́. Kí o sì kó aṣọ àwọn yòókù fún wọn lọ́jọ́ tí o bá ṣèlérí. Ẹ̀yin télọ̀, àdéhùn yẹn wà lára ẹ̀sìn.

Ẹ kú àtìlẹ́yìn o. Ọdún 35 ni mo fi ṣe tíṣà, mo sì jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú. Mo ti pé ọdún 79, orúnkún kò jẹ́ kí n lè dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Iwájú ilé ni mò ń jókòó sí láti àárọ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé iṣẹ́ ìsìn mi ti parí.
Tíṣà àgbà, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrora orúnkún. Mo mọ àdúgbò yín dáadáa. Bí aago méjì bá ti lù, àwọn ọmọ ilé ìwé á máa kọjá níwájú yín, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lè ka ojú ìwé kan tán lédè Yorùbá, ká má tíì sọ àmì orí rẹ̀. Ẹ má ṣe dá kíláàsì sílẹ̀, ẹ ò ní okun rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ pè. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kí ẹ ka ìtàn kan fún un, kí òun náà kà á fún yín. Ọmọ Mùsùlùmí bá ni, ìwé àlọ́ ni kí ẹ kà. Lọ́la, ẹ ní kí àwọn ará ilé gbé àga kejì jáde pẹ̀lú tiyín. Kí ó jẹ́ kékeré, èyí tí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún méje á lè kanlẹ̀.